Wọ́n Tọ́jú Kìnnìún, Wọ́n Lé Onílẹ̀

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ọkọ̀ ti máa ń tò sẹ́nu géètì Twee Rivieren. Oòrùn ni aago níbẹ̀: tó bá yọ, wọ́n á ṣí géètì, tó bá wọ̀, àlejò kankan kò gbọdọ̀ sí lójú ọ̀nà mọ́. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ sáré ju 50 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ àyàfi níbi tí wọ́n bá ti fàyè gbà á. Inú ọkọ̀ ni àwọn tó wá láti Johannesburg, láti Jámánì àti láti ìlú ọba máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́, tí wọ́n á máa fi awò wo ọ̀ọ́kán, bóyá ojú wọn á ṣe kòńgẹ́ kìnnìún tí gọ̀gọ̀ rẹ̀ dúdú bí èédú. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á ya fọ́tò. Bí wọn kò bá rí i, wọ́n á ráhùn nídìí oúnjẹ alẹ́ pé owó àwọn gbé.

Ọgbà Ẹranko Kgalagadi nìyẹn, nínú aṣálẹ̀ Kalahari. Ilẹ̀ South Africa àti Botswana ló wà, ó sì fara kan ààlà Namibia. Ó tó nǹkan bí 38,000 kìlómítà níbùú lóòró, èyí tó fẹ̀ ju ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ló sì wà ní apá Botswana. Ibi tó yẹ kéèyàn lọ wò ni, kò sí iyàn ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí tíkẹ́ẹ̀tì kì í dáhùn: àwọn wo ló ń gbé orí ilẹ̀ yìí kó tó di ọgbà, kí ló sì gbé wọn kúrò? Àlejò tó bá lọ tó bọ̀ láìbéèrè ọ̀rọ̀ yìí, ìdajì ọgbà ló rí.

Ìdajì tí gbogbo ayé ń wò ọ̀hún náà kì í ṣe kékeré. Iyanrìn ibẹ̀ pupa bí osùn, nítorí irin tó dípẹtà ló bo hóró rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Odò méjì ló wà níbẹ̀, Auob àti Nossob, ṣùgbọ́n odò tí mọ́tò ń gba inú rẹ̀ kọjá ni. Ọ̀pọ̀ ọdún lè lọ kí omi tó ṣàn níbẹ̀. Nínú oṣù Ọ̀pẹ àti oṣù Ṣẹ́rẹ́, ooru ọ̀sán lè kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lóru oṣù Agẹmọ, omi inú garawa lè di yìnyín. Kànga ẹ̀rọ tó wà lẹ́bàá Auob, tí ẹranko ń wá mu lónìí, kì í ṣe ẹranko ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún. Àwọn ọmọ ogun tó ń lọ bá àwọn ará Jámánì jà ní Namibia nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni wọ́n ń wá omi fún.

Ẹran tí wọ́n fi sọ ọgbà náà lórúkọ tẹ́lẹ̀ ni gemsbok, ẹran ńlá aláwọ̀ eérú, tí ìwo rẹ̀ méjèèjì nà gbọọrọ sókè bí ọ̀kọ̀. Ó lè pẹ́ gan-an kó tó mu omi. Bí oòrùn bá ń ta á, á jẹ́ kí ara òun gbóná kọjá ohun tí ẹran mìíràn lè mú mọ́ra, kó má baà fi òógùn ṣòfò omi. Ọpọlọ rẹ̀ kì í sì í jóná, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sínú ọpọlọ máa ń gba àárín ìdì iṣan tín-ín-rín kan kọjá, níbi tí ẹ̀jẹ̀ tí afẹ́fẹ́ imú ti tù lára ti ń gba ooru lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tó ti ń rí omi díẹ̀ tó nílò á ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu: inú èso kan tí wọ́n ń pè ní tsamma ni, tó ń fà lórí iyanrìn. Ọmọ ìyá bàrà ni èso yìí. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ náà ń mu omi inú rẹ̀, wọ́n á yan hóró rẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ní Ìsẹ́yìn ṣe ń lọ ẹ̀gúsí.

Ẹ̀ga náà wà níbẹ̀. Ẹ̀ga ilẹ̀ wa a máa so ìtẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sórí ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ tó wà ní Kalahari ń kọ́ agboolé. Wọ́n á fi koríko gbígbẹ bo orí igi ẹlẹ́gùn-ún ńlá kan bí ìgbà téèyàn bo òrùlé, wọ́n á wá dá iyàrá sí abẹ́ rẹ̀ fún tọkọtaya kọ̀ọ̀kan. Ọgọ́rùn-ún iyàrá lè wà lábẹ́ òrùlé kan. Ọmọ á jogún rẹ̀, ọmọ-ọmọ á jogún rẹ̀, títí tí ẹrù náà á fi wúwo débi tí ẹ̀ka igi á dá. Àṣá kékeré kan wà tí kì í kọ́lé tirẹ̀ rárá: ó ń gba iyàrá láàárín wọn, kò sì san owó ilé.

Gbogbo èyí ló wà nínú ìwé ìléwọ́ tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì. Ohun tó ṣòro láti rí nínú ìwé pẹlẹbẹ ni bí ẹni tó mọ ibẹ̀ ṣe ń kà á. Lójú àlejò, iyanrìn ni iyanrìn. Lójú ọdẹ San, ìyẹn àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, ìwé ni: ìkookò kọjá níbí lóru, ó ń tiro, abo kìnnìún dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi yìí títí òjìji fi yí, ó wá dìde, ìrì ti bọ́ sínú ojú ẹsẹ̀ ògòǹgò yìí, nítorí náà àná ló rìn ín. Louis Liebenberg, ọmọ South Africa tó bá àwọn ọdẹ Kalahari rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbà pé ohun tí wọ́n ń ṣe yìí kò yàtọ̀ sí ti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń dábàá tó sì ń dán an wò. Òun ló bẹ̀rẹ̀ CyberTracker, ẹ̀rọ tó ń lo àwòrán dípò lẹ́tà, kí ẹni tí kò mọ̀wé lè kọ ohun tó rí nínú igbó sílẹ̀.

Irú àwọn ọdẹ wọ̀nyí gan-an ni wọ́n lé jáde.

Ọdún 1931 ni ìjọba South Africa sọ apá tirẹ̀ di ọgbà, nígbà tí Piet Grobler jẹ́ mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ pé àwọn ń wá dára: àwọn ọdẹ oníbọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹran tán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ǂKhomani, ìran San tó ń gbé ibẹ̀, ló ń fi ìbọn pa ẹran. (Àmì tó ṣíwájú orúkọ wọn dúró fún ìró tí èdè Yorùbá kò ní: ahọ́n á lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, á sì já wálẹ̀ pàkà.) Wọ́n fi àwọn kan sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n lè máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì máa tọpasẹ̀ ẹran fún ọgbà. Ní 1936, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Donald Bain kó lára wọn lọ sí ibi ìpàtẹ ńlá ní Johannesburg, ó ní òun ń bẹ̀bẹ̀ fún ilẹ̀ fún wọn. Àwọn tó sanwó wọlé wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń wo ẹran. Ilẹ̀ náà kò sì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1970 sí 1979, wọ́n ti kúrò nínú ọgbà pátápátá. Àwọn kan di alágbàṣe oko, àwọn kan jókòó sẹ́bàá títì wọ́n ń ta ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi ẹyin ògòǹgò ṣe.

Ohun tó tún bọ́ lọ́wọ́ wọn ju ilẹ̀ lọ. Òbí kò bá ọmọ sọ N|uu, èdè wọn, mọ́, torí èdè náà ti di ohun tí wọ́n fi ń bú èèyàn lóko àwọn òyìnbó. Àwọn onímọ̀ èdè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti kú. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá parí ni wọ́n tó rí Elsie Vaalbooi, ìyá àgbà tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, tó ń sọ ọ́ ṣàkàṣàkà. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn àgbàlagbà díẹ̀ mìíràn rí, káàkiri abúlé àti ìgboro.

Ẹjọ́ ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1995, lẹ́yìn tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti wọlẹ̀. Dawid Kruiper ló ṣáájú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní ọjọ́ 21, oṣù Ẹrẹ́nà 1999, Thabo Mbeki, tó jẹ́ igbákejì ààrẹ nígbà náà, lọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láàárín iyanrìn níbẹ̀: nǹkan bí 40,000 hẹ́kítà oko lẹ́yìn ọgbà, àti 25,000 hẹ́kítà nínú ọgbà fúnra rẹ̀. Àwọn ará Mier, àwọn àgbẹ̀ àdúgbò tí wọ́n ti gba ilẹ̀ tiwọn náà, rí ìpín nínú rẹ̀. Ilé àlejò !Xaus, tí àwọn ǂKhomani àti àwọn ará Mier jọ ni, ṣí ní 2007 létí adágún iyọ̀ gbígbẹ kan. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè Nama ni ọkàn. Ní 2017, UNESCO fi ilẹ̀ ǂKhomani sínú ìwé ogún àgbáyé. Ibi tí UNESCO fàlà sí kò yàtọ̀ sí ibi tí ọgbà 1931 pààlà sí, 959,100 hẹ́kítà. Ilẹ̀ tí wọ́n ti lé ènìyàn kúrò nítorí ẹranko ti wá di ilẹ̀ tí ayé ń bọlá fún nítorí ènìyàn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àlọ́ náà parí síbẹ̀. Wọ́n fún wọn ní oko láìfún wọn ní owó tàbí ìdálẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi máa dá a. Ọtí àti ìṣẹ́ wọ inú wọn. Ní 2004, àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn South Africa ní láti jókòó síbẹ̀ láti gbọ́ ẹ̀dùn wọn nípa ọlọ́pàá, omi àti ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí Kruiper kú ní 2012, ìwé ilẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìgbádùn ilẹ̀ kò tíì dé. Lónìí, orúkọ rẹ̀ ni ìjọba ìbílẹ̀ tó ní ìlú Upington nínú ń jẹ́. Iyì ni, àmọ́ a kì í fi iyì gbẹ́ kànga.

Àwọn kan á ní òótọ́ ọ̀rọ̀ korò, pé bí wọn kò bá kó ènìyàn kúrò, ẹran ì bá ti tán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Botswana gbé àríyànjiyàn yìí wò. Ní 1961, àwọn amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì dá Central Kalahari Game Reserve sílẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí San àti ẹran jọ máa gbé ibẹ̀. Láti 1997, ìjọba Botswana bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn San jáde, ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2002; wọ́n dí kànga tí wọ́n ń mu ní Mothomelo. Roy Sesana àti àwọn ènìyàn rẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́, wọ́n sì jàre ní oṣù Ọ̀pẹ 2006. Síbẹ̀, ó di 2011 kí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó sọ pé ẹ̀tọ́ wọn ni kí wọ́n lo kànga. Láàárín ìgbà tí wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ omi yìí, ilé ìgbafẹ́ kan ti ṣí fún àwọn arìnrìn-àjò nínú ọgbà kan náà, ó sì ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Àgbàlagbà kan kú ní 2021, ẹbí rẹ̀ fẹ́ sin ín sí ẹ̀gbẹ́ àwọn baba rẹ̀ nínú ọgbà, ìjọba kọ̀. Ìgbà tí ìjọba mìíràn wọlé ní 2024 ni wọ́n tó ráyè sin ín. Ta ló lè gbọ́ èyí ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Èkìtì, níbi tí òkú ti ń gun ọkọ̀ láti Èkó wálé, kó má mi orí? Tí ẹran bá ráyè fún adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ó yẹ kó ráyè fún sàréè kan.

Ọmọ Yorùbá ní ìdí tirẹ̀ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé, tó tó 2,512 kìlómítà níbùú lóòró, kì í ṣe aṣálẹ̀. Ọ̀dàn ni, odò Ògùn sì là á kọjá. Ṣùgbọ́n ahoro olú-ìlú àwọn Aláàfin ló wà nínú rẹ̀, ògiri àti àpáàdì nínú igbó kan náà tí ìjọba ń ṣọ́ nítorí ẹran. Yíká rẹ̀ ni Ìgbẹ́tì, Kìṣí, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti Ìgbòho wà, Ìgbòho tí àwọn Aláàfin fi ṣe ibùjókòó kí wọ́n tó padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Ọdẹ tó dàgbà sí àdúgbò wọ̀nyí mọ ọ̀nà tí ẹran ń gbà, ó sì mọ ìtàn tí òkúta kọ̀ọ̀kan ń pa mọ́. Bí ìjọba bá fẹ́ kí àlejò máa wọ́ lọ síbẹ̀, orúkọ irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ ìwé owó oṣù, kí ọ̀dà tó kan pátákó ẹnu ọ̀nà.

Padà sí Kalahari. Ohun tí àlejò lè ṣe níbẹ̀ kò le. Kó sùn ní !Xaus fún ọjọ́ kan, kó jẹ́ kí ǂKhomani mú òun rìn lórí iyanrìn ní òwúrọ̀, kó fi ìjókòó inú ọkọ̀ sílẹ̀. Kó ra ọnà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Kó tọrọ àyè kó tó ya fọ́tò, torí àwọn baba ńlá àwọn ènìyàn yìí ti wà nínú ìpàtẹ rí. Kó mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá sọ fún òun, ohun ìní wọn ni. Àwọn San ti kọ́ èyí lọ́nà tó le: ewéko ẹlẹ́gùn-ún kan wà, hoodia, tí wọ́n máa ń jẹ nígbà ọdẹ kí ebi má baà pa wọ́n. CSIR, àjọ ìwádìí ìjọba South Africa, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí èròjà inú rẹ̀, wọ́n sì bá àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè dòwò lórí rẹ̀ láìbi ẹni tó mọ ewé náà. Ariwo pọ̀ kí wọ́n tó bá wọn ṣe àdéhùn ìpín ní 2003. Ní 2017, àwọn San fúnra wọn kọ òfin ìwà fún olùwádìí tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn: ọ̀wọ̀, òtítọ́, ẹ̀tọ́ àti ìtọ́jú.

Nǹkan bí 250 kìlómítà ni Upington sí géètì Twee Rivieren. Ní Upington ni Katrina Esau, tí gbogbo ayé ń pè ní Ouma, ìyẹn Ìyá Àgbà, ti sọ ilé rẹ̀ di ilé ẹ̀kọ́ nígbà kan, tó kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní N|uu, tó sì fi orin àti àwòrán kọ́ wọn bí ahọ́n ṣe ń já. Wọ́n bí i ní 1933, South Africa sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ Order of the Baobab ní 2014. Ní 2021, òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbé ìwé ọmọdé jáde ní èdè náà, ìtàn Ìjàpá àti Ògòǹgò. Ọmọ Yorùbá kankan kò ní béèrè ẹni tí Ìjàpá jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń lọ wo kìnnìún ló ń gba ìlú yẹn kọjá. Wọ́n á ra epo, wọ́n á ra omi inú ike, wọ́n á sì tẹ̀ síwájú kí géètì má baà tì mọ́ wọn.